Ṣé kí n san $1,800 nítorí ilẹ̀ ọdẹ?

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Houston ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 43 ni mí. Ọdẹ ni bàbá mi n'Ísẹ́yìn; èmi ni mo máa ń gbé àpò ọdẹ tẹ̀lé wọn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi háyà ilẹ̀ ọdẹ kan tó tó ìrìn wákàtí mẹ́rin, wọ́n ní kí n máa mú $1,800 wá lọ́dún kí n lè bá wọn pa àgbọ̀nrín níbẹ̀. Ìyàwó mi ní ìnákúnàá ni, pé ẹran wà lọ́jà. Ó ń ṣe mí bíi kí n san án láìjẹ́ kó mọ̀. Mo sì máa ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù. – Ọmọ Ọdẹ"

Àbúrò mi, má san án lọ́dún yìí. Má sì ṣe san án lẹ́yìn ìyàwó rẹ láéláé.

Kì í ṣe pé àwọn tó ń san án gọ̀. Ní Texas, ilẹ̀ tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ ló ní onílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè kọrí síbi tó wù ú bí bàbá rẹ ti ń ṣe. Bí ìṣákọ́lẹ̀ lowó náà rí. Ẹni tí ilẹ̀ bá sún mọ́, tó ń ráyè lọ lemọ́lemọ́, owó rẹ̀ kò wọgbó: á mọ ojú ọ̀nà tí ẹran ń gbà, á gẹ̀gùn síbi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, àjèjì kò ní í ṣàdédé yọ níwájú ìbọn rẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni àsìkò tí wọ́n ń fi ìbọn pa àgbọ̀nrín ń bẹ̀rẹ̀, ó ń parí nínú oṣù kìíní. Yọ ọjọ́ iṣẹ́ rẹ, yọ Kérésì. Ká ní o ráyè lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, $450 ni ìrìn kan, a ò tíì ka epo mọ́tò. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní í fún ẹnì kan jẹ. Mi ò fẹ́ kí o dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ.

Fi $48 gba ìwé àṣẹ ọdún kan fún ilẹ̀ ìjọba lọ́dọ̀ Texas Parks and Wildlife, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọdẹ níbẹ̀, lẹ́yìn láísẹ́ǹsì ọdẹ. Ó kó Sam Houston National Forest mọ́ ọn, lápá àríwá ìlú yín, igbó tó ju 160,000 éékà lọ. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò pọn dandan níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ àwọn ọdẹ náà, dandan ni fún ẹni tí wọ́n bí láti September 2, 1971, ìwọ náà sì wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n ẹran kọ́ ni mo rí nínú lẹ́tà rẹ. Àpò ọdẹ ni. Bàbá tèmi náà ní ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí, ó ń rùn bí èéfín àti ẹ̀tù. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, ìyá wa kò jẹ́ ká fọ̀ ọ́. Ǹjẹ́ ìyàwó rẹ mọ̀ nípa àpò yẹn? Ó jọ pé ọ̀rọ̀ owó nìkan lo bá a sọ. Jókòó tì í lálẹ́, kí o sọ ti bàbá rẹ fún un.

Bí ọkàn rẹ kò bá kúrò nínú igbó lẹ́yìn ọdún kan, padà sọ́dọ̀ àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ. Bi wọ́n pé ọdẹ mélòó ló ń pín ilẹ̀ náà lò, ṣé o lè mú ọmọ rẹ dání, ta ló ń ra àgbàdo tí wọ́n ń dà fún ẹran. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí ìwọ àti ìyàwó rẹ sì jọ kà á.