Kí ló dé tí wọ́n fi ń mú bíléèdì tọ́báìnì dì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n ní bíléèdì tọ́báìnì, ìyẹn abẹ́ irin tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń yí nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú, wọn kì í kàn da irin yíyọ́ sí móòdù (ohun tó ń fún un ní ìrísí) kó máa tutù bó ṣe wù ú. Kí ni wọ́n ń sá fún? Ṣé òótọ́ sì ni pé okùn tó ń fún irin lágbára lè hù fúnra ẹ̀ nínú irin?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni méjèèjì. Tí móòdù bá tutù yí ká, ara ẹ̀ ni irin á ti kọ́kọ́ dì, kírísítà kéékèèké (hóró irin tí ètò inú ẹ̀ kọjú síbì kan náà) á wá kún inú bíléèdì, kálukú ẹ̀ á kọjú síbi tó wù ú. Ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn gan-an ni wàhálà wà, torí bíléèdì tó ń yí fíìfíì, ńṣe ni yíyí yẹn ń fà á láti ìdí dé orí, ooru sì tún wà níbẹ̀, irin á máa gùn díẹ̀díẹ̀, ojú ìpàdé tó bá dábùú ló máa kọ́kọ́ ya.

Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gbé móòdù lé kọ́pà tí omi ń mú tutù, nínú ìléru, tí wọ́n á máa rọra fà á jáde sísàlẹ̀. Ooru á gba ìsàlẹ̀ lọ, kírísítà á hù sókè gbọọrọ, ojú ìpàdé tó dábùú ò ní sí mọ́. Tí ọ̀nà tóóró tó lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ móòdù, kírísítà kan péré ló máa ráyè kọjá, òun nìkan láá di odindi bíléèdì! Pratt & Whitney, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú, ló gbé iṣẹ́ yìí jáde láàárín ọdún 1960 sí 1970.

Ti okùn yẹn wá ńkọ́? Àwọn àdàlù irin kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń dì, nǹkan méjì ló ń jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, níkẹ́ẹ̀lì tàbí kóbọ́ọ̀tì, pẹ̀lú fọ́nrán kábáìdì (àpòpọ̀ irin àti kábọ́nù tó le gan-an) tín-ín-rín tó tò lọ gbọọrọ síbi tí wọ́n ń fà á sí. Ilé ìwádìí ONERA ní Faransé ṣe irú ẹ̀, COTAC lorúkọ ẹ̀. Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ àfi kí ojú ibi tó ti ń dì tẹ́ pẹrẹsẹ, torí náà sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ní wákàtí kan ni wọ́n lè fà, iléeṣẹ́ wo ló fẹ́ dúró dè é? Èyí tó tún burú jù lójú tèmi ni pé níkẹ́ẹ̀lì ń wú ju fọ́nrán lọ tó bá gbóná, ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná ń tutù ní gbogbo ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán á ṣe máa bàjẹ́. Kírísítà kan ṣoṣo ni wọ́n kúkú fọwọ́ mú.