Oníbàárà méjì lábẹ́ OLT kan, wọn ò rí ara wọn

Ẹ ní oníbàárà méjì wà nínú /24 kan náà (subnet, ìyẹn àkójọ àdírẹ́sì IP kan) lábẹ́ OLT kan (ẹ̀rọ tó so okùn fáíbà àwọn oníbàárà pọ̀ lọ́dọ̀ yín), àwọn méjèèjì ń jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì dáadáa, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá ping èkejì, kò sí èsì. Ẹ wá ń ronú àti yọ ìdènà tó wà láàárín wọn lórí OLT. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án.

Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Lórí GPON (fáíbà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà jọ ń pín), gbogbo ONU (ẹ̀rọ fáíbà tó wà nílé oníbàárà) ló ń gba ìmọ́lẹ̀ 1490 nm tó ń sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ ohun tí ONU bá fi ránṣẹ́ lórí 1310 nm, ọ̀dọ̀ OLT nìkan ló ń lọ. Oníbàárà yín á fi ARP (ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń wá MAC, ìyẹn àdírẹ́sì ẹ̀rọ, tó ni àdírẹ́sì IP kan) kígbe pé ta ló ni àdírẹ́sì yìí, OLT á gbọ́, kò sì ní dá igbe náà padà fún aládùúgbò. Ẹ wo tábìlì ARP lórí ráútà rẹ̀: "incomplete" lẹ máa bá níwájú àdírẹ́sì èkejì. Bí ẹ bá yọ ìdènà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo tó ki okùn bọ ojú ihò tí kò yẹ lẹ́yìn ráútà rẹ̀ lè máa pín àdírẹ́sì fún gbogbo àdúgbò. Mo ti rí i. Òru ni wọ́n sì máa ń pe èèyàn fún irú ẹ̀.

Gateway, ìyẹn ráútà yín tí oníbàárà ń gbà jáde, ni iṣẹ́ wà. Ẹ tan local proxy ARP, kí gateway máa dáhùn ARP fún àwọn tó wà nínú subnet kan náà, lórí interface VLAN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a pín sọ́tọ̀) tí àwọn oníbàárà náà wà. Kì í ṣe proxy ARP lásán o. Èyí tó wà nínú ìwé ìlànà RFC 1027 láti 1987, àdírẹ́sì tó wà ní subnet mìíràn ló ń dáhùn fún. Tí ẹ bá ti tan án, MAC gateway lẹ máa rí níwájú gbogbo aládùúgbò, ẹ má jáyà. Ẹ tún pa ICMP redirect, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gateway á máa ní kí oníbàárà gba ọ̀nà tààrà tí kò sí.

Èyí tó fi orí mi gbóná jù rèé: kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àdírẹ́sì máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹlòmíì ti ń lò ó. Àwọn gateway kan á dáhùn ìyẹn náà, kọ̀ǹpútà á sì kọ àdírẹ́sì ọ̀hún. Bí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "IP conflict", ẹ ṣe capture (ẹ gba àwọn packet tó ń kọjá sílẹ̀), kí ẹ wá ARP tó ní 0.0.0.0 gẹ́gẹ́ bí olùránṣẹ́, kí ẹ sì wo ẹni tó dá a lóhùn.

Ní ti VRF (tábìlì ọ̀nà tó dá dúró nínú ráútà kan), kálukú ló ní tábìlì ARP tirẹ̀. "show ip arp" lásán ò ní fi àwọn oníbàárà yín hàn, ẹ fi orúkọ VRF kún un, ping náà bẹ́ẹ̀. Lórí Cisco IOS, bí ẹ bá ti gbé interface sínú VRF báyìí, àdírẹ́sì IP rẹ̀ á pòórá lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ Enter, ẹ má sì ṣe é láti orí interface tí ẹ gbà wọlé.