Omi ló ń pa ọ̀já ìkookò yín, kì í ṣe òùngbẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ní ewé ọ̀já ìkookò yín (èyí tí wọ́n ń pè ní snake plant lédè Gẹ̀ẹ́sì) ń pọ́n, pé ó ń rọ̀ nídìí, pé ọ̀kan tiẹ̀ ti wó lulẹ̀, tí ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ fi kún omi rẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán omi sí i mọ́. Ẹ ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta lẹ ń bomi rin ín, ẹ sì ní inú ìkòkò dídán kan tí wọn kò lu nídìí lẹ gbìn ín sí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ti sọ ohun tó ń ṣe é fún mi. Mo ti pa mẹ́rin nínú ewéko yìí kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, omi ni mo sì fi pa gbogbo wọn.

Ẹ̀bùn ni àkọ́kọ́. Ewé mẹ́fà ló ní, gbogbo wọn dúró ṣánṣán bí idà, ìlà aláwọ̀ eérú sì dá wọn lábùú láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹni tó fún mi ní kò ní yọ mí lẹ́nu rárá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò lè wò ó lásán, ni mo bá ń bu omi díẹ̀ sí i ní òwúrọ̀ òwúrọ̀. Oṣù méjì kọjá, kò sí ohun tó ṣe é. Ibẹ̀ ló ti máa ń tan èèyàn jẹ. Omi tó ti kó pamọ́ sára ewé máa ń jẹ́ kó dúró bí ẹni tí ara rẹ̀ le, nígbà tí ìdí rẹ̀ ti ń jẹrà lábẹ́ ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo di ewé kan mú kí n lè nu eruku ara rẹ̀, ó já mọ́ mi lọ́wọ́. N kò fà á rárá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, kò ku nǹkan kan níbẹ̀ ju fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ lọ, ó sì ń rùn bí omi àdágún. Mo rò pé òùngbẹ ló pa á, mo tún da omi sí àwọn tó kù. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ fi lọ.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ewé yẹn gan-an ni àmù rẹ̀. Ó ní omi nínú ewé, ó tún ní in nínú gbòǹgbò gbọọrọ tó sùn sábẹ́ ilẹ̀ bíi ti ata ilẹ̀. Kì í sì í náà omi rẹ̀ ní ìnákúnàá. Àwọn ewéko mìíràn máa ń la ihò ara ewé wọn sílẹ̀ lọ́sàn-án, oòrùn á sì fa omi ara wọn gba ibẹ̀. Ọ̀já ìkookò máa ń pa tiẹ̀ dé lọ́sàn-án, òru ló máa ń ṣí wọn láti gba afẹ́fẹ́. Ewéko tó ṣọ́ omi lò báyìí kò lè mu omi tí à ń bù sí i lójoojúmọ́. Omi á dúró sínú iyẹ̀pẹ̀, á lé afẹ́fẹ́ kúrò níbẹ̀, gbòǹgbò kò ní rí èémí mí. Tí kò bá ti rí èémí mí, á kú, olú inú ilẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí òun ló ṣì mí lọ́nà jù lọ: gbòǹgbò tó ti jẹrà kò lè mu omi mọ́. Nítorí náà, ewé lè hunjọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì tutù rinrin. Ẹ má wo ewé nìkan. Ẹ ti ọwọ́ bọ iyẹ̀pẹ̀, kí ẹ sì tẹ ìdí ewé wò. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ bí eruku, tí ewé hunjọ tàbí tó ká wọnú, àmọ́ tí ìdí rẹ̀ ṣì le, òùngbẹ ni, omi á sì tún un ṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá tutù, tí ìdí ewé sì ń wọlé lábẹ́ ìka yín, ó ti ń jẹrà. Tiyín, láti inú ohun tí ẹ sọ, ìkejì ni.

Ẹ tú u lónìí. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù pátápátá, ẹ má tún un lò. Gbòǹgbò tó ṣì dára máa ń le, àwọ̀ rẹ̀ á jẹ́ funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀. Èyí tó ti bàjẹ́ á dúdú, á rọ̀, awọ rẹ̀ á sì máa bó tí ẹ bá fi ìka fà á. Ẹ fi sípírítì nu ọ̀bẹ mímú, kí ẹ gé gbogbo èyí tó bàjẹ́ kúrò, kí ẹ sì máa wo ojú ibi tí ẹ gé. Bí àmì àwọ̀ ilẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún gé sí i títí tí ojú rẹ̀ á fi mọ́. Ẹ má ṣàánú rẹ̀ níbi tí ọ̀bẹ wà. Èmi ṣàánú ìkẹta mi, mo fi ibi tó kéré bí èékánná sílẹ̀ torí pé ewé orí rẹ̀ rẹwà, ibẹ̀ ló gbà jẹ gbogbo ìyókù. Tí ẹ bá gé e tán, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí ìbòòji àti afẹ́fẹ́ wà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ. Inú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹ sì jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan kí omi tó kàn án.

Ẹ má ju àwọn ewé tó já nù bí òkè wọn bá ṣì le. Ẹ gé ibi tó rọ̀ kúrò, kí ẹ gé èyí tó kù sí abala abala, sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ṣe ń gé e ni kí ẹ máa sàmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, kò ní ta gbòǹgbò láéláé. Mo gbin abala mẹ́jọ rí láìsàmì sí wọn. Mẹ́ta péré ló hù. Nígbà tí mo fa àwọn márùn-ún yòókù tu, orí ni mo fi gbin gbogbo wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú wọn gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá rì wọ́n bọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3. Gbòǹgbò lè yọ láàárín oṣù kan sí méjì, àmọ́ ọmọ tuntun lè tó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọrí. Ohun tí mo bá gbìn báyìí, n kì í fà á wò mọ́. Bí tiyín bá sì jẹ́ irú èyí tó ní etí àwọ̀ ìyeyè, ẹ mọ̀ pé ọmọ tó bá ti ara abala ewé hù kò ní ní etí yẹn, àwọ̀ ewé lásán ló máa ní. Bí ẹ bá fẹ́ kí etí náà wà, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ pín, kí gbòǹgbò wà lára ìpín kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ìkòkò, ẹ má lo èyí tí kò lu mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ràn ìkòkò dídán yẹn, ẹ gbin ewéko sínú ike tó lu nídìí, kí ẹ gbé ike náà sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e jáde tí ẹ bá fẹ́ bomi rin ín. Àwọn kan á ní kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí omi lè rí ibi gbà. Mo gbà wọ́n gbọ́, òun ni mo ṣe fún ìkejì mi. Òkúta kì í fa omi kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀. Orí òkúta yẹn ni omi máa ń dúró sí, ibi tí iyẹ̀pẹ̀ ti tutù á sì wá sún mọ́ gbòǹgbò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìkòkò tó tóbi jù náà ò dáa. Iyẹ̀pẹ̀ tí gbòǹgbò kò dé ibẹ̀ kì í tètè gbẹ, òun ló pa ìkẹrin. Kí ìkòkò fi ìka méjì fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, ó tó. Ó fẹ́ràn kí àyè há mọ́ ọn, kódà ó máa ń fọ́ ike nígbà mìíràn bí ọmọ bá ti pọ̀ nídìí rẹ̀.

Iyẹ̀pẹ̀ tí mò ń lò jẹ́ ìdajì iyẹ̀pẹ̀ òdòdó, ìdajì yanrìn líle tàbí perlite, ìyẹn òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́. Yanrìn kíkúnná kò dáa, ṣe ló máa ń dì.

Ní ti omi, ẹ gbàgbé iye ọjọ́. Ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìkòkò títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fà á yọ. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì tó àsìkò. Lọ́wọ́ mi, tí ooru bá mú, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Tí òtútù bá dé, ó lè lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọjọ́ tí ẹ bá sì máa bomi rin ín, ẹ bù ú dáadáa títí tí omi á fi jáde nídìí, kí ẹ da èyí tó jáde nù. Ẹ má da á sí àárín ibi tí àwọn ewé ti pàdé, ibẹ̀ máa ń gba omi dúró.

Wọ́n á sọ fún yín pé ó lè gbé inú òkùnkùn. Kò ní kú níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà, omi díẹ̀ tó ń mu tẹ́lẹ̀ á tún dín kù, ìdí rẹ̀ á sì tètè jẹrà. Ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé. Bó bá ti pẹ́ nínú òjìji, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi mọ oòrùn, torí ibi tí oòrùn bá jó lára ewé kì í jiná. Òtútù tó bá lọ sísàlẹ̀ 10°C náà máa ń ṣe é ní jàǹbá. Bí ẹ bá ní ológbò tàbí ajá, ẹ gbé e síbi tí ẹnu wọn ò ní dé, torí ewé rẹ̀ máa ń mú wọn bì. Ohun funfun bí òwú tí ẹ bá rí ní kọ̀rọ̀ ewé, kòkòrò ni, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípírítì nù ún kúrò.

Ẹ tún ní torí kó lè máa fọ afẹ́fẹ́ yàrá mọ́ lẹ ṣe ní in. Ìwádìí tí NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn-àjò ojú òfuurufú ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1989 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, inú àpótí tí wọ́n sé pa ni wọ́n sì ti ṣe é. Àwọn tó tún gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò ní 2019 rí i pé ewéko 10 sí 1000 ló máa wà lórí mítà onígun mẹ́rin kan kó tó ṣe tó afẹ́fẹ́ tó ń wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ ní in torí ẹwà rẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìkarùn-ún mi ló wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Láti ara ẹyọ gbòǹgbò kan tó ṣẹ́ kù lára ìkẹrin ni mo ti rí i, kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ, oṣù mẹ́rin ló sì lò nínú iyẹ̀pẹ̀ kí ṣóńṣó kan tó là jáde nínú ilẹ̀, mímú bí òlù, ewé inú rẹ̀ ká pinpin. Ewé mọ́kànlá ló ní báyìí. Nítorí náà, tí ẹ bá tú tiyín, tí gbogbo rẹ̀ sì ti bàjẹ́ àfi ibi kékeré kan tó ṣì le, ẹ má jù ú nù. Ẹ wọn bó ṣe gùn tó, kí ẹ sì sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi, ká jọ wo ibi tí ẹ ó ti gé e.