Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa sẹ́ẹ̀lì nínú kókó tó wà lára táírọ́ọ̀dì (ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọrùn) ìyá mi n'Ílọrin, èsì ní "kò dájú". Ṣé jẹjẹrẹ ni?

Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ wo nọ́ńbà Bethesda lórí èsì náà, ìyẹn nọ́ńbà 1 sí 6 tí wọ́n fi ń pín èsì àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ táírọ́ọ̀dì sí ìsọ̀rí.

Bó bá jẹ́ 1, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fà kò tó, ẹ̀jẹ̀ ló sábà ń bò ó. Kí wọ́n tún un fà, kí skáànù máa tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà. Bó bá jẹ́ 3, wọ́n sábà máa ń tún un fà.

4 ló ṣòro jù láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Àfi kí wọ́n rí i bóyá sẹ́ẹ̀lì ti ya èèpo tó bo kókó náà kọjá, abẹ́rẹ́ ò sì lè fi ìyẹn hàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yọ ìdajì táírọ́ọ̀dì, kí wọ́n lè yẹ èèpo náà wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba gíláàsì àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà sí, kí UITH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin) l'Ókè-Oṣé tún un wò kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ.