Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ mẹ́rin lórí odò tí omi òkun ń wọ̀

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì tó gùn ní mítà 7, tó sì ní yàrá kékeré tí ènìyàn mẹ́rin lè sùn sí. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì fẹ́ gba ẹnu odò kan tí omi òkun ń wọ̀ gòkè lọ sí ìlú tó wà ní kìlómítà 120, kí a sì padà. Bí mo bá rọra wà á, ọkọ̀ mi ń lọ kìlómítà 15 ní wákàtí kan, ó sì ń jẹ lítà epo bẹntiróòlù 15. Mo wá ṣírò rẹ̀ pé wákàtí 8 ni àlọ, wákàtí 8 ni àbọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sí i. A ó máa gbéra ní aago 7 àárọ̀, a ó sì máa ju ìdákọ̀ró síbi tí ilẹ̀ bá ṣú bá wa sí. Ṣé ètò yìí dára? Lítà epo mélòó ni kí n gbé?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra. Ọjọ́ mẹ́rin tó fún ìrìn-àjò yìí, ọkọ̀ yín náà sì lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìdí ètò náà ni mo fẹ́ kí a yí padà. Ìjìnnà àti eré ẹ́ńjìnnì lẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, ẹ wá fi ibi tí ẹ ó sùn sílẹ̀ fún òkùnkùn láti yàn fún yín. Lórí odò tí omi òkun ń wọ̀, ibi tí ẹ ó sùn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà kí ẹ wo àkókò tí omi yóò kún àti àkókò tí yóò fà, kí ẹ tó wá mọ aago tí ẹ ó gbéra.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí omi fúnra rẹ̀. Òṣùpá àti oòrùn ló ń fa omi òkun, ní ọ̀pọ̀ etíkun sì rèé, omi a máa kún lẹ́ẹ̀mejì, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Ìṣẹ́jú 50 tó lé yẹn ni kò jẹ́ kí aago 7 yín lè dúró: bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní aago 7 àárọ̀ ọjọ́ kìíní, yóò tó nǹkan bí aago 9 ààbọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní aago tirẹ̀, inú ìwé àkókò omi tí wọ́n ṣe fún odò náà gan-an ni ẹ ó sì ti rí i. Bí ìwé náà bá jẹ́ ti ẹnu odò nìkan, ẹ rántí pé omi máa ń pẹ́ kí ó tó kún lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, àti pé bí ẹ bá ṣe ń gòkè sí i ni àkókò tí omi fi ń kún ń kúrú, tí èyí tó fi ń fà ń gùn. Lókè odò, omi lè fi wákàtí 4 kún kí ó sì fi wákàtí 8 fà. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹnu odò nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Lórí odò Amazon, ipa omi òkun máa ń dé nǹkan bíi kìlómítà 800 sínú ilẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ìṣàn yìí ń ṣe sí ìṣirò yín. Ká ní ó ń lọ kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ń bá a lọ, ọkọ̀ yín yóò máa lọ kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá dojú kọ ọ́, yóò di 10, bẹ́ẹ̀ eré tí ẹ́ńjìnnì ń sá kò yí padà. Kìlómítà 60 tí ẹ fẹ́ rìn lóòjọ́ lè gbà yín ní wákàtí 3, ó sì lè gbà yín ní wákàtí 6. Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, ẹ gbéra ní ẹnu odò ní kété tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Nítorí pé kíkún náà ń gòkè bí ẹ̀yin náà ṣe ń gòkè, ìṣàn yóò ti ọkọ̀ yín lẹ́yìn pẹ́ ju bí yóò ti pẹ́ fún ẹni tó dúró sójú kan lọ. Àbọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń fà, ẹ ó pàdé omi tuntun tó ń wọlé lọ́nà, nítorí náà ẹ má retí pé ẹ ó rí ìrànlọ́wọ́ ìṣàn títí dé òpin. Bí òjò bá sì ti rọ̀ púpọ̀ lókè odò, omi tó ń fà yóò le ju ohun tí ìwé sọ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ yàn ṣe pàtàkì tó aago tí ẹ yàn. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, tàbí ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, omi a máa kún jù, a máa fà jù, ìṣàn rẹ̀ a sì máa le jù. Nígbà tí ìlàjì òṣùpá bá ń hàn, gbogbo rẹ̀ a rọlẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ ti fẹ́ kó àwọn ọmọ dání, ọ̀sẹ̀ ìlàjì òṣùpá ni èmi yóò mú fún yín. Ìyàtọ̀ láàárín omi kíkún àti omi fífà kò dọ́gba káàkiri ayé: ní Bay of Fundy ní Kánádà ó lè tó mítà 16, nígbà tí ní ọ̀pọ̀ ibi lórí òkun Mẹditaréníà kò tó ìdajì mítà. Iye ti odò yín ni kí ẹ fi ṣe gbogbo ìṣirò tó kù.

Ó wá kan ibi tí ẹ ó sùn, níbi tí mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ jù. Àwọn atukọ̀ máa ń pín ìyàtọ̀ omi sí ọ̀nà 12. Ní wákàtí kìíní tí omi ń fà, ìdá kan ni yóò lọ; ní ìkejì, ìdá méjì; ní ìkẹta àti ìkẹrin, ìdá mẹ́ta mẹ́ta; ní ìkarùn-ún, ìdá méjì; ní ìkẹfà, ìdá kan. Ká ní ìyàtọ̀ náà jẹ́ mítà 2.4, ó túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà 20 ni yóò kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà 40, 60, 60, 40, àti 20. (Lókè odò, níbi tí kíkún àti fífà kò ti gùn bákan náà, ìwé ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ìṣirò yìí lọ.) Ẹ wá dé ibì kan tó tutù, tó dákẹ́, ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ tí omi kún tán. Ẹ wọn omi, ó jìn ní mítà 3, ẹ sì ju ìdákọ̀ró pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Kí aago 12 òru tó lù, sẹ̀ǹtímítà 60 péré ni yóò kù, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yín pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó wà nísàlẹ̀ lè nílò 80. Ọkọ̀ yóò jókòó sínú ẹrẹ̀, yóò sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń sùn nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì láti sá kúrò níbẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò fà wọ ojú ọ̀nà omi tó ń tù ú. Bó bá wá jẹ́ àkókò tí omi kún jù lọ lẹ há, kíkún tó tẹ̀ lé e lè má ga tó láti gbé yín, ẹ sì lè wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Nítorí náà, jíjìn tí yóò kù nígbà tí omi bá fà tán ni kí ẹ wò, kì í ṣe èyí tí ẹ bá níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà jíjìn tó wà lórí máàpù ojú omi sún mọ́ ti ìgbà tí omi bá fà jù lọ, ṣùgbọ́n yanrìn máa ń ṣí kúrò láyè rẹ̀, ẹ fi okùn tàbí ẹ̀rọ wọn omi fúnra yín. Okùn ìdákọ̀ró ní tirẹ̀, omi kíkún ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá dé nígbà tí omi fà, tí ó jìn ní mítà 1.5, tí imú ọkọ̀ sì ga ní mítà 1 sókè omi, mítà 17 àti ààbọ̀ ni okùn tó jẹ́ ìlọ́po 7 àpapọ̀ méjèèjì yóò jẹ́. Ní òru, omi yóò ti fi mítà 2.4 gòkè, nǹkan bíi mítà 34 sì ni ẹ nílò. Ìdákọ̀ró tí okùn rẹ̀ kúrú yóò já kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ìṣàn bá yí padà, ọkọ̀ náà yóò yí ká, ẹ rí i dájú pé kò sí ohun tí yóò kọ lù.

Bí ẹ bá rí èbúté tó ń léfòó, tó ń bá omi gòkè sọ̀ kalẹ̀, òun ni kí ẹ yàn. Lára èbúté tí a rì mọ́lẹ̀, okùn tí ẹ so le nígbà tí omi kún lè gbé ọkọ̀ kọ́ sófuurufú nígbà tí omi bá fà, nítorí náà kí okùn náà gùn, kí ẹ so ó sí ọ̀nà jíjìn níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ má sùn lójú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá. Ẹ gbé iná funfun tí a lè rí láti ìhà gbogbo sókè níbikíbi tí ẹ bá ju ìdákọ̀ró sí; òfin àgbáyé ọdún 1972 lórí dídènà ìkọlù ọkọ̀ lójú òkun béèrè bẹ́ẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sùn nínú yàrá náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì tàbí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn tó wà nínú èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn lójú oorun.

Fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ibi mẹ́ta: èyí tí ẹ fẹ́, òmíràn tó ṣáájú rẹ̀, àti òmíràn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dé ibẹ̀ nígbà tí ó ṣì ku wákàtí méjì kí ilẹ̀ ṣú. Bí afárá bá wà lọ́nà, omi kíkún ló léwu níbẹ̀, torí pé ó ń dín àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ kù. Ní ẹnu odò, bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti òkun wá pàdé omi tó ń fà, ìgbì a máa dìde gan-gan. Ẹ dúró títí yóò fi rọlẹ̀.

Ní ti epo, wákàtí ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ lápapọ̀ jẹ́ wákàtí 16 lórí omi tó dúró, ìyẹn lítà 240. Bí ìṣàn bá dojú kọ yín jálẹ̀, ó lè di wákàtí 24, lítà 360. Ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni àṣà àwọn atukọ̀, ó sì bá 360 yẹn mu. Àmọ́ lítà 360 á wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 270, ó pọ̀ jù fún ọkọ̀ mítà 7 tó gbé ènìyàn mẹ́rin. Ẹ pe ìlú tí ẹ ń lọ lórí fóònù kí ẹ tó gbéra. Bí wọ́n bá fi dá yín lójú pé epo wà, lítà 180 tó fún àlọ pẹ̀lú àfikún, kí ẹ sì kún un padà níbẹ̀. Bí kò bá dájú, ẹ dín ìrìn-àjò náà kù sí ibi tí epo yín lè gbé yín dé. Ẹ má ṣe tọ́jú jálá epo sínú yàrá tí ẹ ń sùn.

Kí gbogbo yín wọ ẹ̀wù ìléfòó láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ó sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan àti aago tí ẹ ó dé ibẹ̀ sínú ìwé fún ẹnìkan tó wà lórí ilẹ̀, kí ẹ sì bá a ṣe àdéhùn aago tí yóò pe àwọn agbẹ̀mílà bí kò bá gbúròó yín.