Java, Python tàbí C++: èwo ni kí ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì wa, kò sì sí èyí tó kọ kóòdù rí nínú wọn. Nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, òbí kan ní C++ ló yá jù, òmíràn ní Python ló rọrùn. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ wọn ò mọ ti ẹni tí ǹ bá gbà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ìdíje tí ẹ fẹ́ lọ, torí kì í ṣe gbogbo èdè ni kọ̀ǹpútà inú rọ́bọ́ọ̀tì ń gbọ́. Java àti Blocks (èyí tí ọmọ máa ń to àwọn àṣẹ bí búlọ́ọ̀kù dípò kó tẹ̀ wọ́n) ni wọ́n ń lò ní FIRST Tech Challenge. VEX V5 gba Blocks, Python àti C++. Ní FIRST Robotics Competition, Java àti C++ ti wà níbẹ̀ tipẹ́, Python sì wọlé ní 2024.

Òótọ́ ni pé C++ yá, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ìṣòro yín. Nínú WPILib, ìyẹn àkójọ kóòdù tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ tí wọ́n ń lò ní FIRST Robotics Competition, kóòdù máa ń yípo nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Java sì ń bá a dọ́gba láìlàágùn. Ohun tó sábà máa ń dá rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ọmọ dúró ni kí wọ́n kọ ọ́ pé "dúró títí apá yóò fi gòkè tán" sínú yíyípo yẹn. Gbogbo nǹkan yòókù á dì gbagidi, èdè yòówù kí wọ́n fi kọ ọ́.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń hàn ni èmi máa ń wò. Bí ọmọ bá ṣi orúkọ kan kọ ní Java, orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbẹ̀ ni yóò ti rí i. Ní Python, àṣìṣe kan náà lè sá pamọ́ títí rọ́bọ́ọ̀tì fi dé orí pápá. Nítorí náà, Java ni kí ẹ mú níbi tí wọ́n bá ti gbà á. Níbi tí wọn ò bá gbà á, ẹ mú Python. Àfi bí ẹnì kan bá wà nítòsí tó gbọ́ èdè mìíràn dáadáa, tí yóò sì máa jókòó ti àwọn ọmọ: ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì ju èdè lọ. C++ ni ẹgbẹ́ tí mo kọ́kọ́ tọ́ sọ́nà mú, ọmọ kan ṣoṣo ló yé. Nígbà tó jáde ilé ìwé, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan kóòdù náà mọ́, ó sì dùn mí gan-an.

Ẹ má fojú kékeré wo Blocks o. Ti FIRST Tech Challenge lè fi Java tó bá ohun tí ọmọ tò mu hàn án, ọ̀nà tó dáa láti sọdá nìyẹn.

Ní ti irinṣẹ́, VS Code (ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń kọ kóòdù) tó fún WPILib, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ Git (ètò tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà kóòdù yín) lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ lè padà sí kóòdù tó ṣiṣẹ́ lánàá bí tòní bá dàrú. Bí ìdíje bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má ṣe gba ẹ̀dà tuntun irinṣẹ́ kankan. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ kóòdù odindi rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí tó yí motor kan ṣoṣo, kó sì dá a dúró.