Bí àyà yín bá ń já, ẹ gbé ìkòkò pòtétò kaná

Arábìnrin mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó lè dáhùn. Ẹ ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ti ń retí èsì àyẹ̀wò ọkọ yín. Oorun ò kùn yín, oúnjẹ ò wọlé, àdúrà pàápàá ò jáde lẹ́nu yín mọ́. Ẹnì kan tún wá sọ fún yín pé bí ẹ bá nígbàgbọ́ ni, ẹ ò ní máa bẹ̀rù. Ẹ wá ń bèèrè ohun tí ẹ lè ṣe, àti ohun tí ẹ lè sè tó máa gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá.

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí. Oṣù méjì gbáko ni ọmọ mi àkọ́bí fi wà nílé ìwòsàn, gbogbo ìgbà tí fóònù bá sì dún ni àyà mi máa ń já. Wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún èmi náà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìsìn, mo sì gbà á gbọ́. Ohun tó ṣe mí léṣe jù nìyẹn. Ẹ̀rù ọmọ ń bà mí, ẹ̀rù tún ń bà mí pé Ọlọ́run ń bínú nítorí pé mò ń bẹ̀rù.

Irọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Jésù fúnra rẹ̀ wà nínú ìrora ọkàn nínú ọgbà Gẹtisémánì débi tí òógùn rẹ̀ fi dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀ (Lúùkù 22:44). Pọ́ọ̀lù tó ní ká má ṣe àníyàn ohunkóhun, inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ lẹ́tà yẹn sí àwọn ará Fílípì. Nínú lẹ́tà yẹn kan náà, orí 2 ẹsẹ 28, ló ti sọ pé òun ń rán Ẹpafíródítù padà sọ́dọ̀ wọn kí ìbànújẹ́ òun lè dín kù. Ó nígbàgbọ́, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ṣàìsàn títí dé ojú ikú.

Èyí tó gbé mi ró jù ni ti Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba 19. Ó sá nítorí Jésíbẹ́lì, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì dé, kò bá a wí. Ó ní kó dìde kó jẹun. Àkàrà tí wọ́n dín lórí ẹ̀yinná ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, pẹ̀lú omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì padà wá lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ náà ló tún fún un. Ìgbà tó fi agbára oúnjẹ yẹn rìn fún ọ̀sán 40 àti òru 40 dé Hórébù ni Ọlọ́run tó wá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Oúnjẹ àti oorun ló ṣáájú ìbéèrè.

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa ló ṣe bíi ti áńgẹ́lì yẹn fún mi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé abọ́ kan tó fi tówẹ̀lì wé wá, pòtétò rírún ló wà níbẹ̀, bọ́tà ṣì ń yọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n jẹ ṣíbí mẹ́ta péré. Mo jẹ márùn-ún, mo sì sùn lọ lórí àga. Lọ́jọ́ kejì, pòtétò tútù àti ọ̀bẹ ló mú wá, ó ní kí èmi fúnra mi bó o.

Bí mo ṣe ń ṣe é títí dòní nìyí. Ẹ wá irú pòtétò tó máa ń rí bí ìyẹ̀fun tó bá jiná, nítorí èyí tó máa ń le tó sì ń yọ̀ kì í rún dáadáa. Kílò kan tó fún ènìyàn mẹ́rin. Ẹ gé apá tó bá ti ní àwọ̀ ewé kúrò, bó bá pọ̀ lára rẹ̀, ẹ jù ú nù, májèlé wà níbẹ̀. Ẹ gé e kó dọ́gba, ẹ da omi tútù lé e lórí, ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ tó gbé e kaná. Bó bá jẹ́ omi gbígbóná lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti rọ̀ jù kí inú tó jiná.

Ibi bíbó yẹn ni àdúrà mi ti padà wá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Tí mo bá ti mú ọ̀kan, mo máa ń dárúkọ ohun kan tó ń bà mí lẹ́rù, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí gan-an: Olúwa, ibà òru yìí. Olúwa, owó ilé ìwòsàn. Olúwa, dókítà tí kì í wo ojú mi. Bí èèpo náà bá ti bọ́ sínú abọ́, mo gbé òmíràn. Pétérù ní ká kó gbogbo àníyàn wa lé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀ ni Lúùkù lò fún bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ṣe ju aṣọ wọn sórí ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Jésù gùn. Kò gba ọ̀rọ̀ gígùn.

Bó bá ti hó tó ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ fi ọ̀bẹ gún un. Bó bá yọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ fúnra rẹ̀, ó ti jiná. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀ dànù, ẹ dá a padà sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú kan kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Bọ́tà ló kọ́kọ́ ń wọlé, bíi gíráàmù 80, lẹ́yìn náà mílíìkì tí ẹ ti gbé gbóná, díẹ̀díẹ̀, títí á fi rọ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi rún un. Mo lo ẹ̀rọ ìlọta nígbà kan tó rẹ̀ mí, ó fà bí àtè, nítorí ẹ̀rọ náà máa ń tú gbogbo sítáàṣì inú rẹ̀ jáde.

Ẹ lọ rí dókítà fún àìsùn yẹn náà. Mo lọ. Ó fún mi lóògùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi mí mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú tó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ọmọ mi padà wálé. Mi ò fi ṣèlérí fún yín, nítorí mo mọ àwọn tí tiwọn ò padà wá, tí wọ́n sì gbàdúrà jù mí lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò dá wà nínú ilé ìdáná yẹn.

Ẹ bu díẹ̀ sínú abọ́ fún ọkọ yín náà lálẹ́ yìí, ṣíbí mẹ́ta, mẹ́rin. Kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè máa dárúkọ rẹ̀ nígbà tí mo bá ń bó tèmi.